Irin Tí Kelvin Jó Mọ́ Káráfáànù

“Ọ̀dà ló bó,” ni Kelvin wí. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú irin tó wà níwájú káráfáànù wọn. “Ọ̀dà lásán ni, Glenys. Má da ọjọ́ rú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.”

Ibi tí ó ń fọwọ́ rà kọ́ ni irin ti sán. Ó tó ìka méjì sí i. Glenys wo ìka ọkọ rẹ̀, ó wo ojú ibi tó sán. Ó gbé ife tíì rẹ̀ nílẹ̀, ó padà wọ inú káráfáànù, ó jókòó sí etí ibùsùn, nítorí ọ̀pá ìpẹja àti àwọ̀n ti gba orí àga.

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbé inú ilé onítáyà yìí. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì, kò ní jókòó jẹ́ẹ́. Á ra káráfáànù, á fi mọ́tò máa fà á káàkiri ilẹ̀ Ọsirélíà bí ẹni tí wọ́n lé nílùú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló fi ilé sílẹ̀ de ara wọn. Kelvin ní kí làwọn fẹ́ fi ilé ṣe, ó ta tiwọn ní Port Pirie kí wọ́n tó gbéra. Glenys bá a fọwọ́ sí ìwé. Kò sẹ́ni tó fipá mú un, ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn.

Látìgbà náà ni ẹrù ti ń pọ̀ sí i. Wẹ́dà ni Kelvin fún ogójì ọdún ó lé, kò sì lè rí irin kó má fi òmíràn kún un. Irin ìfà tó wà níwájú káráfáànù, èyí tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ló dájú sọ. Lóṣù tó kọjá, ó fà á gùn, ó jó àpótí ńlá kan mọ́ ọn lórí, ó kó jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin sí i. Nígbà tí iwájú wúwo jù, tí ìdí mọ́tò ń wọlẹ̀, ṣé ó yọ ẹrù kúrò ni? Rárá o. Ńṣe ló tún kó igi ìdáná àti táyà kejì sí ẹ̀yìn káráfáànù, ó ní kí iwájú àti ẹ̀yìn lè dọ́gba. Báyìí, bí tírélà kan bá ti kọjá lára wọn lójú títì, káráfáànù á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀mùtí.

Òní ni wọ́n sì fẹ́ kúrò ní Ceduna, kí wọ́n la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor kọjá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kí wọ́n tó dé Norseman, ilẹ̀ gbẹrẹfu, tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì. Bí irin yẹn bá já níbẹ̀, ó lè pa wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni Glenys ti rí ibi tó sán, nígbà tó ń pọn omi, kò sì tíì sùn dáadáa látìgbà náà.

Kí ló dé tí kò fi kígbe? Ojú Kelvin ni. Bó bá sọ pé irin sán, á di pé Kelvin ò rí i. Láti bí ọdún kan ni ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì. Glenys a máa ka àkọlé ẹ̀bá títì sókè bí ẹni ń tàkùrọ̀sọ. “Kelvin, wọ́n ní afárá kékeré kan ń bọ̀ níwájú o.” Kelvin á ní, “Mo ti rí i.” Bí dókítà bá gbọ́, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá sì lọ, ibo ni wọ́n fẹ́ wọ̀? Wọn ò nílé. Glenys ò fa káráfáànù rí. Bó bá dákẹ́, ikú ń dúró lójú ọ̀nà. Bó bá sọ̀rọ̀, inú ọgbà káráfáànù tí wọ́n wọ̀ sí yìí ni wọ́n máa há sí, láàárín àjèjì. Ó wo ògiri káráfáànù tó sún mọ́ ọn lápá ọ̀tún, ó wo ti apá òsì, ó sì ń ṣe é bíi kó fi orí gbá a.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó rí dá ni pé ó ránṣẹ́ sí Tasos, wẹ́dà tó ń tún ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe ní etíkun. Bí ó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà níta.

“Ta ló jó èyí?” Tasos ti kúnlẹ̀ sídìí irin.

“Èmi ni,” ni Kelvin dáhùn. “Ta ló pè ọ́?”

“Ìyàwó yín ni. Ọ̀gá mi, àbí ẹ dijú jó o ni?” Tasos rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Glenys dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹ wò ó,” ni Tasos tún wí. “Gígùn la máa ń jó irin ìfà. Ẹ̀yin jó o níbùú, ẹ jó o dé etí. Ẹ ti fi iná gé e nìyẹn. Ó ti sán wọnú.”

“Mo ti ń jó irin kí bàbá ẹ tó mọ̀nà Ceduna.”

“Bàbá mi ò lè so ajá ẹ̀ mọ́ nǹkan yìí, ẹ má bínú. Gbogbo irin yìí la máa gé kúrò, ká ṣe tuntun, kí ẹnjiníà sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní kí n kàn lẹ̀ ẹ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá pààyàn, èmi ni wọ́n máa wá mú.”

Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún, ó kí Glenys, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kelvin dúró sójú kan. “Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí mo máa jó dé, kó má kan etí,” ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. “Mo sàmì sí i.” Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. “Alásọdùn ni gbogbo wọn. Ó máa gbé wa dé Norseman. Wá júwe fún mi kí n so ó.”

“Kelvin.”

“Mo ní wá júwe fún mi!”

Nínú gbogbo ọgbà káráfáànù lọ́dọ̀ wa, ọkọ ló ń fi ẹ̀yìn mọ́tò rìn, ìyàwó a dúró sídìí irin, a máa fọwọ́ júwe, a sì máa pariwo. Àwọn aládùúgbò a gbé àga síta wá wòran, torí ìjà tó máa ń bá a rìn. Mọ́tò Kelvin ní kámẹ́rà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àpótí ńlá yẹn ló kún ojú rẹ̀ báyìí. Ó di dandan kó gbára lé Glenys.

Kelvin wọnú mọ́tò. Glenys dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí dígí ti lè mú un dáadáa. Lójoojúmọ́, á ní, “Máa bọ̀, máa bọ̀, ọ̀tún díẹ̀, ó tó.” Lónìí kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i pé dúró, ó sì pinnu pé òun ò ní sọ ọ́ kalẹ̀.

Mọ́tò ń bọ̀. Ó rò pé agídí ni. Mọ́tò ṣì ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò tó ń wòran lórí àga ké pé, “Dúró! Dúró!” Gbàà! Ó kọlu àpótí, kẹ́ẹ̀gì kan bẹ́, omi sì ń ṣàn lọ sábẹ́ táyà.

Kelvin fò jáde. “Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Wèrè ń ṣe ọ́ ni?”

“Mo nawọ́ sókè.”

“Nígbà wo?”

“Kóo tó gbéra rárá. Ó ṣì wà lókè báyìí.”

Kelvin yíjú sí ibi tí ohùn ti wá. Ó ń wá ọwọ́ náà nínú oòrùn, ìyàwó rẹ̀ sì rí i kedere pé kò rí i. Ohùn Glenys ló ti fi ń wakọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Glenys rántí gbogbo tírélà tí wọ́n ti pàdé lọ́nà, ẹ̀rù bà á, àánú ọkọ rẹ̀ sì ṣe é débi pé omijé bọ́.

“Fún mi ní kọ́kọ́rọ́,” ó wí.

“O ò lè fa káráfáànù.”

“Kò sẹ́ni tó máa fa nǹkan kan. Mọ́tò nìkan la máa gbé lọ. Dókítà ojú wà ní Port Lincoln.”

“Wọ́n máa gba ìwé ìwakọ̀ mi.”

“Wọ́n máa gbà á, Kelvin.”

Àwọn tó ń wòran ti ń gbé àga wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ń rin bàtà Kelvin bó ṣe na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Glenys wọ ibi ìjókòó awakọ̀, ó fa àga súnwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tólẹ̀. Kelvin ń fọwọ́ ra ara mọ́tò bọ̀ láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì pàdé, ibi tí kò jókòó sí rí. Glenys dúró dè é títí ó fi ti ilẹ̀kùn, kó tó ṣáná sí mọ́tò.