Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Rachael Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ọdún kejìlá rèé tí Rachael Adéyọ̀sí ti ń yan ẹja ní abúlé àwọn Ìlàjẹ tó wà lórí omi, lọ́wọ́ òkè Èbúté Ìkòròdú, nígbà tí àwọn ará ìlú ní kí àwọn Ìlàjẹ máa lọ. Ọdún 1955 ni. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó ni etí omi náà ní àwọn Ìlàjẹ ti gba gbogbo ibi tó dáa. Wọ́n jà, ọkùnrin ìlú kan kú sómi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìlú sun ilé méjì lábúlé, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ọjọ́ méje péré ló kù fún gbogbo Ìlàjẹ.

Matthias, ọkọ Rachael, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, àwọn kì í dá sí i. Ó padà délé. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ilé rẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Lẹ́yìn pákó, páànù, àwọ̀n àti ọmọ mẹ́ta, àyè tó kù kò gbà ju ọ̀kan lọ: bẹ́ẹ̀dì wọn, tàbí abo ẹlẹ́dẹ̀ Rachael tó lóyún.

"Ìyá Abraham, bẹ́ẹ̀dì kì í jẹun," Matthias wí.

"Kì í sì í bímọ," Rachael dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀dì ló kù sẹ́yìn.

Ilé mẹ́rìnlá ló ṣí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wa ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan, Sàlímọ́nù, ló jáde sí wọn létí omi, ó bi wọ́n ní ohun tó lé wọn. Matthias rò ó fún un, kò sì fi ti ọkùnrin tó kú pamọ́. Bàbá náà lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó padà.

"Èkó ni wọ́n ti lé bàbá bàbá mi wá síbí," ó ní. "Inú ọkọ̀ báyìí ni wọ́n bá dé. Ẹ lè kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ àbàtà yẹn. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ nílùú wa."

Ojú ti Rachael, inú sì ń bí i. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó bímọ. Ṣé kí n wá pa á toyún-toyún ni?"

Sàlímọ́nù na ọwọ́ sí erékùṣù kékeré kan láàárín omi.

"Ìyẹn kì í ṣe ìlú," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ṣọgbà fún ẹlẹ́dẹ̀ náà sí. Láràárọ̀ ni Rachael ń wa ọkọ̀ gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, méjì kú. Rachael fi mẹ́rin gba pákó lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ abúlé mìíràn, wọ́n fi parí ilé. Mùlíkátù, ìyàwó Sàlímọ́nù, di oníbàárà ẹja rẹ̀, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti fọ ọwọ́ tó fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ó máa ń dun Rachael. Nígbà tó yá, kò dùn ún mọ́.

Lọ́dún kẹta, lẹ́tà àwọn tó ni etí omi dé láti Ìkòròdú pé ìjà ti parí, pé ẹja ti wọ́n lọ́jà, kí wọ́n máa bọ̀. Ilé mẹ́fà padà. Matthias náà fẹ́ lọ. Ẹja ibẹ̀ pọ̀ ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ.

"Kí ni wọ́n sọ nípa ilé tí wọ́n sun?" Rachael bi í.

Matthias tún lẹ́tà náà kà. "Wọn ò sọ nǹkan kan."

Rachael ń to ẹja rẹ̀ sórí iná lọ. Matthias ká lẹ́tà náà sápò, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí ọmọ wọn kẹrin lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mùlíkátù ló gbẹ̀bí rẹ̀.