Òwú Tí Mo Tú Lára Rọ́bà

Òkúta ibojì ọkọ mi ti wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mọ́tò náà kò sì lè gbé e gun òkè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń rìn dáadáa. Àmọ́ tó bá ti dé òkè tí itẹ́ òkú wà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á rú èéfín dúdú, títí a ó fi fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbìyànjú. Àwọn ará ilé ní ká wá ọkọ̀ mìíràn. Mo ní rárá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ mi fi wà á, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Òun ni mo fẹ́ kó gbé òkúta náà lọ bá a.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, mẹkáníìkì bíi tirẹ̀, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ torí pé kò sí ohun tó lè mú un sáré. Ó kọ́kọ́ jókòó, ó mu omi, ó bi mí bóyá mo ń rí oorun sùn. Lẹ́yìn náà ló tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìyàwó wa, ta ló fọ ẹ́ńjìnnì yìí? Ó mọ́ ju abọ́ tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ fún mi lọ."

Mo ní èmi ni. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ṣàlàyé pé tọ́bò ló ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ fi ń lágbára, pé ọ̀pá kékeré kan ló ń darí rẹ̀, ọ̀pá náà kì í sì í gbéra àfi tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní kí n ṣáná sí ọkọ̀. Ọ̀pá kò mira. Ó ní kí n pa á. Ó yọ rọ́bà náà, ó fi í sẹ́nu, ó fà á, ọ̀pá gbéra. Ó fi ahọ́n dí i, ọ̀pá dúró síbi tó wà. Kò sí ohun tó ṣe ibẹ̀. A tún ṣáná, ó ní kí n fi ìka dí rọ́bà kejì, èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Rọ́bà náà fa ìka mi bí ọmọ tó ń mu ọmú. Ibẹ̀ náà dára. Ó wá ku fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kékeré tí rọ́bà méjèèjì so mọ́. Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ ọn, ó mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti gbé rọ́bà ìhín sọ́hùn-ún." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣú kó tó kú. Àìsàn ni. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ì bá rọrùn kí n dákẹ́. Ọkọ mi kò sí níbẹ̀ tí yóò jiyàn.

"Ọkọ mi," mo pe Jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. "Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Èmi ni."

Mo sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, mi ò lè dúró nínú yàrá, mo bá gbé ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, mo lọ fọ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi ti so òwú pupa mọ́ rọ́bà kan, ó so funfun mọ́ èkejì. Inú àpótí ìránṣọ mi ló ti mú wọn. Mo tú wọn torí mo fẹ́ ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ so. Àwọn rọ́bà náà yọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fi àbá dá wọn padà.

"Òwú ọ̀hún ńkọ́?"

Mo wọlé, mo mú ìwé orin mi wá. Wọ́n wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì ti wọ ojú ìwé méjì.

"Èwo ni ti ibo?"

"Pupa ti pọ́ǹpù, funfun ti tọ́bò."

Mo ń retí ìbáwí. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà, ó sún sẹ́yìn. "Ẹ so wọ́n fúnra yín."

Mo so wọ́n. Jẹ́jẹ́ ṣáná sí i, ọ̀pá náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la lọ. Jẹ́jẹ́ ló wà á, òkúta ń kan pákó díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé ibi tí a ti fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo di ojú. Tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, irú èyí tí mo máa ń gbọ́ tí ọkọ mi bá ń bọ̀ wálé, tí mo fi ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Mi ò la ojú títí súfèé náà fi dákẹ́. A ti dé òkè.