Ẹni Tí Yóò Wẹ Ọmọ

Oyún Christabel ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀, Dennis, pé òun ń lọ wá ẹni tí yóò bá òun wẹ ọmọ. Dennis káwọ́ lérí. Ó ní nọ́ọ̀sì kún Ìdí-Àràbà, kí wọ́n sanwó fún ọ̀kan. Christabel ní nọ́ọ̀sì kọ́ ló ń wẹ ọmọ tuntun, ìyá ẹni ni. Ìyá Dennis kò lè rìnrìn àjò mọ́, ìyá tó bí Christabel sì ti kú láti ọdún méjì. Ó ku ẹnìkan ṣoṣo, bó bá sì gbà kó fi ẹsẹ̀ rìn yí ìlú ká, yóò rí i.

Ẹni náà ni Àríkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ní Sùúrùlérè títí Christabel fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló ń dirun fún un. Nígbà tí omi gbígbóná fẹ́ dà sí ọmọ lára, ọwọ́ òsì tirẹ̀ ló fi gbà á, àpá rẹ̀ sì yí ọrùn ọwọ́ náà ká bí ẹ̀gbà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wọn nílé, Christabel ṣèèṣì pè é ní Mọ́mì. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ tí kì í gba ìgbàkugbà, rẹ́rìn-ín títí àwọn àlejò fi lọ tán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí Àríkẹ́ di ẹrù rẹ̀, kó má sì tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ láé. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun Christabel wọra, nítorí ẹnu tirẹ̀ ló lé obìnrin náà jáde.

Ohun tó gbọ́ nígbà náà ni pé ìyáàfin Mẹ́tọ́díìsì kan ní Yàbá gba Àríkẹ́ síṣẹ́. Yàbá ló kọ́kọ́ lọ. Ní àwọn òpópónà ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀, èèyàn kì í rójú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, géètì ló ń dáhùn. Géètì mẹ́ta sọ fún un pé àwọn kò mọ̀. Ní ìkẹrin, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ọba, Ìyáàfin Mobọ́lá, yọjú wo ikùn rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn kíá. Irú ikùn bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ tirẹ̀.

"Àríkẹ́ bá wa gbé fún ọdún mẹ́rin. Ó ní òun fẹ́ dá dúró, ló bá lọ ń tajà l'Ọ́yìngbò. Jókòó, mu omi. Ṣé ọkọ ẹ mọ̀ pé o wà níta?"

"Ó mọ̀, mà."

"Ó sì jẹ́ kó o jáde?"

"Kò jẹ́, mà."

Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Christabel rí i lọ́jọ́ náà pé kì í mọ̀ bí ẹnìkan bá dé pẹ̀lú. Títí tó fi ra àdín, tó ra ata, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Ìgbà tó ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ Rùkáyàt, nítòsí ojú irin, ni etí wá là.

"Àǹtí, Àríkẹ́ tó wà nínú ọjà yìí kò lóǹkà. Oríkì nìyẹn. Ìyá ta ni wọ́n ń pè é?"

"Kò bímọ."

"Obìnrin tó dàgbà tó báyẹn? Kò sí kó má jẹ́ ìyá ẹnìkan. Ẹ sọ bó ṣe rí."

Christabel sọ ti àpá ọwọ́ òsì. Rùkáyàt pàtẹ́wọ́. "Ìyẹn tó ń wẹ ọmọ! Muṣin ló ń gbé, lọ́nà ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Oṣooṣù ló ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kọ́sítọ́mà ni mò ń pè é."

Ẹsẹ̀ Christabel ti wú, ẹ̀yìn ń ro ó. Dennis pè lórí fóònù, ó ní kó máa bọ̀ nílé. Christabel ní òun ti sún mọ́ ẹni tí òun ń wá, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muṣin.

Muṣin ní tirẹ̀, kí o tó béèrè ni wọ́n ti ń dá ọ lóhùn. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí ẹni mẹ́rin fi nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn fún un. Mẹkáníìkì kan, Habeeb, gbé táyà kalẹ̀ kó fi jókòó.

"Mò ń wá Àǹtí Àríkẹ́."

"Kò sí Àríkẹ́ ládùúgbò yìí o."

"Ó máa ń wẹ ọmọ. Ó ní àpá lọ́wọ́."

"Ẹ̀ẹ̀ẹ́n! Ìyá Christabel lẹ ń wá!"

"Rárá, èmi ni wọ́n ń pè ní Christabel."

Habeeb fi sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lọmọ tó wà ní Sùúrùlérè, tí kì í wá?"

Omijé ń bọ́ lójú Christabel bí wọ́n ṣe mú un gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Àríkẹ́ jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wẹ ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí a kì í fi ọmọ tó tutù sílẹ̀.

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, mà. Ó ti pé ọdún méjì."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yín."

"Ẹnu ọ̀nà tiwọn nìyẹn. Tèmi ni mo wá pè yín sí. Àǹtí, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi orúkọ mi pè yín?"

Àríkẹ́ fi aṣọ ìnura wé ọmọ náà, ó gbé e fún ìyá ọmọ tó dúró tì í. "Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n bi mí pé ìyá ta ni mí. Ṣé kí n parọ́ ni?"

Ó nawọ́ òsì, ó fa báàgì Christabel sọ́dọ̀, ó mú ọṣẹ jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yínmú. "Rùkáyàt ló ta èyí fún ẹ? Ó ti le jù fún ara ọmọ tuntun. Jẹ́ kí n mú ìborùn mi. A máa yà l'Ọ́yìngbò, kó pààrọ̀ rẹ̀ fún wa."