Ọwọ́ Àjíkẹ́

Ẹ̀jẹ̀ náà ti rin ìró Mojíbọ́lá títí dé itan, bẹ́ẹ̀ ni bọ̀lẹ̀kájà tí wọ́n wọ̀ láti Ìníṣà kò tíì dé Ìkìrun. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fi àkísà mímọ́ mìíràn di ibi tí olóólà ti dá a lábẹ́ láàárọ̀ àná, àkísà ọ̀hún sì tún ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò tú yàà. Ká ní ó tú yàà ni, wọn ì bá ti sáré láti àná. Ó kàn ń sun ni, bí omi ṣe ń sun lára ìkòkò tó sán, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sì í dẹ́rù bani àfi ìgbà tó bá ti pẹ́ jù.

Felicia, ọmọ rẹ̀ tó bí ọmọ náà, jókòó tì í, kò sunkún mọ́. Titus ọkọ Felicia, tíṣà ni ní ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ìníṣà, ẹ̀yìn mọ́tò ló dúró sí tó di irin mú. Ìyá Titus bá wọn wá, kò sì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣírò nǹkan nínú ni.

Mojíbọ́lá náà ń ṣírò tirẹ̀. Láàárọ̀ àná, nígbà tí olóólà pọ́n abẹ tán tó ní kí àgbà kan wá jókòó sílẹ̀ kó na ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ lé e, òun ló yára jókòó. Ìyá ọmọ kì í gbé ọmọ rẹ̀ fún olóólà. Àgbà obìnrin inú ilé ló ń ṣe é, ẹni tí ọkàn gbogbo wọn bá balẹ̀ sí. Ẹ̀tọ́ ìyá Titus ni, ilé rẹ̀ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n Mojíbọ́lá kò dúró gbọ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Tìtorí ọjọ́ náà ló ṣe wá láti Òkukù. Ó ti pinnu pé bí ọmọkùnrin kan bá tún máa bọ́ sábẹ́ abẹ nínú àwọn tó ti ara òun jáde, itan òun ni yóò wà, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní dé.

Níbi tí ọwọ́ Àjíkẹ́ kò ní dé, ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àjíkẹ́ ni ìyálé rẹ̀ nílé ọkọ ní Òkukù. Itan Àjíkẹ́ ni wọ́n gbé Jọláyẹmí lé, àkọ́bí Mojíbọ́lá, nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a lábẹ́. Ọmọ náà ṣẹ̀jẹ̀ títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ, ó sì kú. Nígbà tó bí èkejì, wọ́n sọ ọ́ ní Dúródọlá, wọn kò sì jẹ́ kí olóólà sún mọ́ ọn. Ó dúró lóòótọ́ fúngbà díẹ̀. Bó bá ṣubú lásán, ojú ibẹ̀ a dúdú, orúnkún rẹ̀ a wú, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń ṣeré, Àjíkẹ́ ló sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ilé. Nígbà tí eyín ọmú rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Àjíkẹ́ ló gbé e tọ̀ lọ. Àjíkẹ́ fi òwú so ó, ó rọra fà á, ó ní kó sọ ọ́ sórí òrùlé kí tuntun lè tètè hù. Ẹnu ọmọ náà kò dá ẹ̀jẹ̀ dúró mọ́ láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi gbé e sin.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eyín yẹn ni ìyálé àtìyàwó ti jà lórí igi ìdáná, tí Àjíkẹ́ sì sọ fún Mojíbọ́lá pé ẹ̀rín tó ń rín yìí kò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orogún lásán ni. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mojíbọ́lá gbé ẹní tí Dúródọlá kú lé, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó lọ tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Àjíkẹ́. Ó ní, "Kí ẹni tó mu ún wá lá ìyókù." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù Àjíkẹ́ síta, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ lọ ní Eko Ende.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló tún wúlò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Titus ń fẹ́ Felicia. Àwọn ará Ìníṣà wá ṣe ìwádìí bí àgbà ti í ṣe: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nílé yìí, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè? Wọ́n dá wọn lóhùn pé kò sí nǹkan kan, ayé ló pa ọkùnrin méjì, wọ́n sì ti lé ẹni tó ṣe é jáde. Ìyá Titus mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọwọ́ ayé kì í ṣe àìsàn ìdílé.

Dókítà kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọmọ dé, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọlánípẹ̀kun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun kàwé dé. Ó ti tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, ó ti fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láti rán ojú ọgbẹ́ náà pọ̀, nígbà tó tajú kán rí apá ọmọ. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ láìpẹ́ ti wú, ó dúdú bí ẹní lu ú. Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó bi Felicia bóyá ọkùnrin kan ti ṣẹ̀jẹ̀ báyìí rí ní ìdílé rẹ̀, Felicia ní òun kò mọ̀. Ló bá yíjú sí Mojíbọ́lá.

Mojíbọ́lá sọ ohun tó máa ń sọ. Ó ní òun bí ọkùnrin méjì, ayé sì pa wọ́n. Ìyá Titus tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ fún àwọn.

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó fa Mojíbọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú yàrá náà, ó sì fi sùúrù yé e pé bó bá jẹ́ ọgbẹ́ lásán ni, òun yóò rán an, yóò sì parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nǹkan kejì tí òun ń fura sí, gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tí òun bá fi rán an ni yóò tún máa ṣẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ọwọ́ òun ni ọmọ yóò sì kú sí. Òun kò ní ẹ̀rọ tí òun lè fi yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Ẹnu ìyá àgbà nìkan ni òun ní.

"Ìyá, kí ẹ tó lọ sílé ọkọ ńkọ́? Ọmọ ìyá yín lọ́kùnrin, ṣé ẹ ní?"

Kò sí ẹni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn ará Ìníṣà kò bi í, àwọn àgbà Òkukù tó lé Àjíkẹ́ kò bi í. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Lójú inú, ó rí Àjàní, àbúrò rẹ̀, tó jókòó lábẹ́ igi oko bàbá wọn, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú igbá omi, omi náà pọ́n. Ọkọ́ ló ha ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan tí ọmọdé mìíràn ì bá fi iyẹ̀pẹ̀ bò kó sì máa ṣeré lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ìyá wọn pè é sí ìdí àdògán, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dárúkọ Àjàní níta láéláé, bí kò bá fẹ́ kó jẹ́ pé ilé ni yóò dàgbà sí láìlọ́kọ. Kò dárúkọ rẹ̀. Nígbà tó ń gbé ẹní lọ sí ẹnu ọ̀nà Àjíkẹ́, ó mọ̀. Ó mọ̀, ó kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kọ ẹ̀yìn sí kì í ríni lójú.

Bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, Titus lè kó ẹrù Felicia síta kí ọjọ́ tó lọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó wà lórí tábìlì yẹn yóò bá Jọláyẹmí àti Dúródọlá.

"Mo ní àbúrò," ló wí. "Àjàní lorúkọ ẹ̀. Ọkọ́ ló ha á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò dá títí tó fi kú."

Kò sí ariwo kankan. Dókítà kàn yí padà ni, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Felicia ti ká apá aṣọ sókè kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun, dókítà ní tirẹ̀ kọ́, ti bàbá ọmọ ni òun fẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Titus wò, ó bá ti ọmọ mu. Wọ́n fà á, wọ́n jẹ́ kó silẹ̀ nínú ìgò, omi orí rẹ̀ tó rí bí omidùn ni dókítà sì ń jẹ́ kó máa kán wọ ọmọ lára. Ó ń ṣàlàyé fún Titus bó ti ń ṣe é. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ń mú kó dì, òun ni kò sí lára ọmọ yìí. Àwọn ìyá ló ń gbé àìsàn yìí fún ọmọ wọn ọkùnrin láìmọ̀, kì í ṣe àwọn ìyá fúnra wọn nǹkan. Àwọn ọlọ́gbọ́n òyìnbó ti rí nǹkan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà, wọ́n ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ lára ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fi yìnyín pa á mọ́, a sì ń retí pé yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Kò tíì dé. Títí yóò fi dé, ẹ̀jẹ̀ tútù lára alààyè ni.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àkísà tí wọ́n dì mọ́ ọmọ kò pọ́n mọ́. Felicia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà yẹn. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dá lónìí ni, yóò tún wá. Ọmọ náà yóò ṣubú bí ọmọ ṣe ń ṣubú, eyín rẹ̀ yóò yọ bí ti gbogbo ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò máa gbé wá síbí. Wọn kò gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún un, wọn kò gbọdọ̀ kọ ilà sí i lójú.

Ìyá Titus tún ìró rẹ̀ ró. Ọmọ rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

"Wọ́n tàn wá."

Titus wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi òwú tẹ ojú apá rẹ̀ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Felicia nu ojú nù, ó sì kọjú sí Mojíbọ́lá.

"Màámi, ta ló ń jẹ́ Àjàní?"

Mojíbọ́lá jáde. Ó yí ìró rẹ̀ padà kí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú, ṣùgbọ́n ó ti mu dé òdìkejì. Mọ́tò Òkukù ń pèrò lẹ́bàá ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó forí lé ọ̀nà Eko Ende. Bó ti ń lọ, ó ń fi òwe kan tu ara rẹ̀ nínú, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òun yóò wí tẹnu òun. Òun yóò kúnlẹ̀. Lónìí náà ni yóò parí, bó ti wù kó korò tó.

Ẹ̀yìnkùlé ló bá Àjíkẹ́, ó ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí ọlọ. Ó ti di arúgbó gan-an, ó gbẹ. Ọmọ aládùúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ń ṣa èèpo ẹ̀kùrọ́ ní tòsí. Àjíkẹ́ gbójú sókè, ó mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ sórí ìró rẹ̀.

"Ìyá Dúródọlá," ló wí. "Èmi kọ́ o. Mi ò kúrò níbí láti ìjẹta. Bi wọ́n wò."

Mojíbọ́lá kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ lójú ọ̀nà tú ká. Ó ní Felicia bí ọkùnrin, orí ẹsẹ̀ òun ló ti ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ti dá. Ó ní dókítà sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ilé ìyá òun ló ti wá, pé òun lòun gbé e fún àwọn ọmọ òun, pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ó dárúkọ Àjàní. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin, ìyálé mi."

Àjíkẹ́ kò bínú. Ì bá bínú, ì bá rọrùn. Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti gbà pé èmi ni," ló wí. "Wọ́n ní ó máa ń ṣeni lójú oorun, ẹni náà ò ní mọ̀. Mo rò ó títí. Ọwọ́ mi ni àwọn méjèèjì kú sí. Ni mo bá gbà."

Ọmọ kékeré náà ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ wá, ó fẹ́ di orúnkún rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Kíá ni Àjíkẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbé wọn jìnnà sí ọmọ náà, ó sì pe ìyá rẹ̀ kó wá gbé e. Ìyá ọmọ yọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ohun tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́. Ìgbà yẹn ni Àjíkẹ́ tó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. Ó ń wò wọ́n.

"Tún un sọ," ló wí.

Mojíbọ́lá tún un sọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ilé ìyá òun ni. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Àjíkẹ́ ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ariwo láti ìlú kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Tún un sọ."

Mojíbọ́lá wo ọwọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹní yẹn. Kò sí ẹni tó ní kí òun tún un sọ, ó sì tó gbogbo wọn. Ó gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó jókòó dáadáa sórí èèpo ẹ̀kùrọ́ bí ẹni tí kò ní ibòmíràn ń lọ, ó sì tún un sọ.