Òrùka Tó Kù ní Kétu

Ajarat mọ ohùn alùpùpù ọkọ rẹ̀ ju bí ó ṣe mọ ohùn àwọn àna rẹ̀ lọ. Ọdún 1980 ni Ràímì rà á ní tuntun, kí wọ́n tó bí Hidayat, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Títí di ọdún 2005 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án. Mẹkáníìkì náà fi òòlù lu ohun tó yẹ kó fi sípánà tú. Ràímì kò bá a jà. Ó fọwọ́ ti alùpùpù rẹ̀ láti Ọjọ́ta dé ilé wọn ní Ìkòsì, ó ra sípánà tirẹ̀, ó sì jókòó ti ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó rà á, títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ ilé-kéwú ṣe ń mọ Fátíà. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé wọn ni ilé ìwòsàn alùpùpù náà.

Ràímì kì í fi nǹkan ṣòfò. Bí ó bá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì, á to ìdérí agolo mílíìkì mẹ́fà sílẹ̀ ní ìlà kan. Nọ́ọ̀tì tó kọ́kọ́ tú á wọ inú èkíní, èyí tó tẹ̀ lé e á wọ inú èkejì. Bẹntiróòlù tó bá fi fọ kabúrétọ̀, kì í dà á nù. Á gbé e kalẹ̀ kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀, á rọra da ojú rẹ̀ sínú ìgò, á tún un lò. Iṣẹ́ Ajarat ni kó jókòó lórí àpótí kó máa ṣọ́ àwọn ìdérí náà, kí adìyẹ aládùúgbò má baà fẹsẹ̀ tú wọn ká. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Kò rò ó rí pé òun ń kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Tàtàṣé ni Ajarat ń tà ní ọjà Mile 12. Ní òròòwúrọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, Ràímì á gbé e sẹ́yìn, wọ́n á forí lé ọjà kí àwọn tírélà tó kó ẹrù wá láti òkè Ọya tó já a tán. Ẹnu ìrìn yìí ni Ajarat ti rí i pé ojú ọkọ òun ti ń ṣe bàìbàì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tírélà kan dúró sí ẹ̀bá títì, kò tan iná. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ràímì dorí alùpùpù kọ ìdí tírélà náà bí ẹni pé ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Ajarat kò pariwo.

“Bàbá Hidayat, ẹ wo tírélà tó dúró síwájú yẹn. Ó mà gùn o.”

Alùpùpù náà yà bìrí sí òsì.

“Mo ti rí i tipẹ́,” ni Ràímì wí.

Kò rí i. Ajarat gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ajarat ti di aláròyé lórí alùpùpù. Bí kòtò bá wà níwájú, á ní, “Ẹ wo kòtò yìí, wọn ò tíì dí i láti ọdún tó kọjá.” Bí ènìyàn bá fẹ́ sọdá, á ní, “Ìyá yìí fẹ́ sọdá o, àárọ̀ yìí ná, níbo ló ń lọ?” Ràímì á yà, á dúró, á tún gbéra.

“Ajarat, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù lórí máṣíìnì,” ó wí lọ́jọ́ kan. “Àfi bí ẹyẹ ẹ̀gà.”

“Ọjọ́ ogbó ni, Bàbá Hidayat.”

Ràímì náà ti ṣíwọ́ ìwé ìròyìn kíkà. Ó ní irọ́ ló kún inú rẹ̀. Obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mọ ọ̀rọ̀ tí a kì í ṣàdéédéé sọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni irọ́ méjì fi ń gun alùpùpù kan lọ sí ọjà.

Alùpùpù ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ó ń rú èéfín, kò sì lè gbé ènìyàn méjì gun òkè mọ́. Ràímì tú u. Òrùka irin méjì tó yí písìtìn ká, tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ń pè ní ríìngì, ti gbó. Ó ra òmíràn lọ́dọ̀ Jìmí, ọ̀kan nínú wọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, ó fi wọ́n sí i lọ́jọ́ Àlámísì, ó dì í. Bí ó ṣe fẹsẹ̀ gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan kan ró “kàù” nínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó fi máa tún un tú, òrùka kan ti ṣẹ́ sí mẹ́ta. Orí ló yọ ọ́ tí kò fi ha inú sìlíńdà.

Ràímì di àfọ́kù náà sínú bébà.

“Ayédèrú ni Jìmí tà fún mi. Bí o bá ń bọ̀ láti ọjà lọ́la, bá mi kó o fún un. Sọ fún un pé ó ti fi ọjọ́ iṣẹ́ mi ṣòfò.”

Jìmí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀yà ara àwọn alùpùpù India àti China tó gba ìgboro nígbà náà ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní páálí kan lókè àjà tó fi ń tọ́jú ti àwọn alùpùpù àtijọ́. Ó tú bébà náà, ó yí àfọ́kù òrùka síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́, ó sì mú písìtìn àlòkù kan wá.

“Mummy, òrùka yìí kì í ṣe ayédèrú o. Ẹ wo ibí. Píìnì kékeré kan wà nínú kòtò yìí. Ẹnu òrùka méjèèjì gbọ́dọ̀ há píìnì yìí sáàárín. Daddy gbé òrùka gùn ún lórí ni.”

“Bàbá Hidayat ò lè gbàgbé ìyẹn.”

“Wọn ò gbàgbé. Èmi gan-an máa ń lọ bi wọ́n nǹkan tí ò bá yé mi.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Wọn ò rí i ni, Mummy.”

“Mo mọ̀.”

Jìmí gbójú sókè. “Ẹ sì ń gun ẹ̀yìn wọn?”

“Èmi ni mò ń bá wọn wo ọ̀nà.”

“Láti ẹ̀yìn?”

“Mò ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí kòtò, màá sọ̀rọ̀ kòtò.”

Jìmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. “Ọjọ́ tí ikọ́ bá ń ṣe yín ńkọ́?”

Jìmí gun àga, ó na ọwọ́ sínú páálí òkè, ó sì mú àpò kékeré kan tó ti pọ́n jáde.

“Èyí tó kù nìyí. Mo ti wá irú ẹ̀ dé Ọjọ́ta, kò sí. Bí èyí bá tún ṣẹ́, máṣíìnì yẹn di ti àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù. Ǹ bá wá bá wọn fi sí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà.”

“Wọn ò ní gbà.”

“Ẹ máa mú un lọ. Ta ló tún fẹ́ wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi?”

Ajarat fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bí òun bá ju àpò yìí sí gọ́tà, ọ̀rọ̀ tán. Alùpùpù á kú, ọkọ òun á sì máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ara rẹ̀. Bí òun bá gbé e lé e lọ́wọ́, á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Bí òun bá sì ràn án lọ́wọ́ tó dára, á gùn ún; òun náà á gòkè sẹ́yìn, lọ́jọ́ kan, ikọ́ á sì mú òun. Ó kọjá gọ́tà mẹ́ta. Kò ju nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń ju ohun tó dára nù nínú ilé wọn, ó sì tún rò ó pé bí ọkọ òun bá máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó yẹ kó parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ràímì to ìdérí mẹ́fà sílẹ̀. Ajarat kò jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé písìtìn sórí itan.

“Ẹ kọ́ mi.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń lé adìyẹ níbí, Bàbá Hidayat. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣọ́. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe òfò?”

Ọ̀rọ̀ òfò yìí mú un. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá ló wò. Ó ní kó fi ọ́ìlì pa òrùka. Ó ní kó fi èékánná tọ inú kòtò písìtìn lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má kánjú.

“Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yọ bí imú abẹ́rẹ́. Bí o bá kàn án, dúró.”

Èékánná Ajarat rìn yí ká. Ọwọ́ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún yọ tàtàṣé tó ti jẹrà láàárín èyí tó le, láìsí pé ó wò ó, kò pẹ́ kó tó kan án.

“Ó wà níbí.”

“Níbo?”

Ó mú ìka ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé e.

Ìka náà dúró síbẹ̀ pẹ́.

“Apá kejì ni mo rò pé ó wà lọ́jọ́ Àlámísì,” ó wí.

Ajarat la ẹnu òrùka díẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ní kó là á, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò, ẹnu rẹ̀ sì há píìnì náà sáàárín. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá písìtìn padà sí ẹ́ńjìnnì. Ràímì di sìlíńdà mú, Ajarat fi ìka mẹ́rin fún òrùka pọ̀, sìlíńdà sì yọ́ wọlé láìjanpata. Láti ibẹ̀, àwọn ìdérí ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹfà, ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹrin. Nígbà tó kan púlọ́ọ̀gì, tí ẹ́ńjìnnì ò lè jí láìsí i, Ràímì fúnra rẹ̀ ló dì í.

Ó gbá kíìkì. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀kẹta, alùpùpù dáhùn. Èéfín ọ́ìlì gba ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ là, ó dúró gedegbe, bí ó ṣe rí nígbà tí Hidayat ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ràímì fi etí tì í. Ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó.

“Gòkè. Jẹ́ ká dé títì ká padà.”

Ajarat kò gòkè.

“Kí ló dé?”

“Ikọ́ ń ṣe mí, Bàbá Hidayat.”

“Mi ò gbọ́ kí o wúkọ́.”

“Ó ń ṣe mí. Mi ò ní lè sọ̀rọ̀ lọ́nà.”

Ràímì di ọwọ́ alùpùpù mú. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ò yí, epo ń jó lásán. Láti ọdún tí Ajarat ti mọ̀ ọ́n, kò tíì rí i kó jẹ́ kí epo jó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ̀gà ò ní ké lónìí,” ó wí níkẹyìn.

“Kò ní ké.”

“Látọjọ́ tírélà yẹn?”

“Látọjọ́ náà.”

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi èkísà di púlọ́ọ̀gì gbígbóná mú, ó tú u pẹ̀lú sípánà, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀ tòun tèkísà.

“Àwọn lẹ́tà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ọjọ́ tí mo bá lè kà wọ́n fún ọ, wàá dá a padà fún mi. Bí mi ò bá lè kà wọ́n, má dá a padà.”

Ajarat so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ooru rẹ̀ la aṣọ kọjá sí i lára.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n ń wo ojú ní ilé ìwòsàn Gbàgádà?” Ràímì bi í.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Hidayat ti bá mi béèrè.”

“Ẹ ti gba ẹ̀yìn mi ṣe é.”

“Ẹ̀yìn náà kúkú ni mo ti ń jókòó.”

Ràímì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ihò tí púlọ́ọ̀gì ti jáde. Ó mú aṣọ mímọ́ kan, ó ká a, ó fi dí ihò náà dáadáa, kí erùpẹ̀ má baà wọ inú iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ṣe.