Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Nísàlẹ̀ Kòtò Òkúta

Oyèdélé ará Ìgbàyè ni ó kọ́kọ́ sọ fún Ẹ̀rínọlá pé aago tí òmùwẹ̀ ń so mọ́ ọwọ́, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, kò mọ ẹni tó so ó. Ogún ọdún ni Oyèdélé fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi ní apá Wàrí kó tó padà wálé wá kọ́ obìnrin yìí níṣẹ́.

"Ó mọ bí omi ṣe jìn tó," ni ó wí. "Ó ń ka ìṣẹ́jú, ó sì ń ṣírò afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá o sùn, kò mọ̀ bóyá o mu omi, kò mọ̀ pé o ti lé lógójì ọdún. Ìwọ tó mọ̀ ni kí o sọ fún un pé kó rọra."

Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀rínọlá fi ń yan èyí tó le jù nínú ìpele mẹ́ta tó wà lára aago náà. Ìpele kìíní lawọ́, ó ń fúnni ní ìṣẹ́jú púpọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ya ahun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ jù ní ibú tó sì yára gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí ìgò míńírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Apá lè rọ, ẹsẹ̀ lè kú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, òun àti àbúrò rẹ̀, Ayọ̀dàmọ́lá, wà létí kòtò òkúta kan lójú ọ̀nà Ìnísà sí Òkukù. Òjò ti sọ kòtò náà di adágún, ẹ̀rọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń fa omi sì ti já sínú rẹ̀, mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sísàlẹ̀. Okùn irin méjì ni wọn yóò so mọ́ ọn kí kireni tó lè gbé e. Wọ́n ti wọlé láàárọ̀, wọ́n so ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi fọwọ́ tá ẹrẹ̀ kí wọ́n tó so ó. Ó ku ọ̀kan, kireni sì gbọ́dọ̀ padà sí Ìkìrun nírọ̀lẹ́. Adéjàre, ọ̀gá iṣẹ́, ti ṣèlérí fún Ayọ̀dàmọ́lá pé bí ẹ̀rọ bá jáde lónìí, ilé-iṣẹ́ yóò gbà á síṣẹ́ gidi.

Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò na ọwọ́ pọ̀ wo aago. Ẹ̀rínọlá kì í fo èyí dá. Níbi tí èèyàn méjì bá ti jọ ń wọlé, iye tó bá kéré jù ni tàwọn méjèèjì. Tirẹ̀ wí pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ti Ayọ̀dàmọ́lá wí pé mẹ́rìndínlógún.

"Ta ló fọwọ́ kan aago ẹ?"

"Èmi ni, àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ ká máa lọ."

"O gbé e sí ìpele kìíní?"

Adéjàre ti gbọ́. "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin lẹ ra aago ni, àbí aago ló rà yín?"

"Èmi ni mo rà á. Ìdí tí mo fi ń pàṣẹ fún un nìyẹn."

"Ìyá Ìṣọ́ra! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Èmi a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní balùwẹ̀."

Àwọn oníkireni bú sẹ́rìn-ín.

"Balùwẹ̀ yín ò jìn tó ilé alájà mẹ́sàn-án, Ẹnjiníà. Ẹ bọ́ṣọ, kẹ́ ẹ wá wọ tibí."

Ó na píọ̀ wọ́tà kan sí àbúrò rẹ̀. Ayọ̀dàmọ́lá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀rínọlá rí ètè rẹ̀: ó funfun, ó ti sán.

"Láti ìgbà wo lo ò ti mu omi?"

"Láti àná. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wòlíì fún mi, nítorí iṣẹ́ yìí."

"O sì bá mi wọ ibú láàárọ̀, o ò sọ?"

"Ẹ ò bá má jẹ́ n wọ̀ ọ́." Ó gbójú sókè. "Ọlọ́run tí mò ń gbààwẹ̀ sí á ṣọ́ mi."

"Ọlọ́run mọ̀ pé ò ń gbààwẹ̀. Aago ò mọ̀. Ara tó gbẹ kì í tètè tú afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀. Mu omi, jẹun, sùn. Lọ́la, lórí ìpele kẹta, a ó so ó."

"Kò sí kireni lọ́la!" Adéjàre ti sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi. "Ayọ̀dàmọ́lá, ṣé o ò lè dá a wọ̀ ni? Ìwé iṣẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò mi o."

Ayọ̀dàmọ́lá wo ọ̀gá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì kọrí sídìí sílíńdà afẹ́fẹ́. Ẹ̀rínọlá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó yí ẹnu sílíńdà àkọ́kọ́ sílẹ̀ pátápátá, ó yí èkejì. Afẹ́fẹ́ tú jáde pẹ̀lú ariwo tó gba gbogbo kòtò náà kan. Adéjàre ń la ẹnu, ó ń ju ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tó ń wí. Obìnrin náà dúró ti àwọn sílíńdà náà títí wọ́n fi dákẹ́.

"Tèmi òdo, tìẹ òdo," ni ó wí. "Ó ti dọ́gba."

"Láti Ìkìrun títí dé Òkukù," ni Adéjàre wí, "kò sẹ́ni tó tún máa gbé iṣẹ́ omi fún yín!"

"Mo gbọ́, Ẹnjiníà. Mi ò ní yí aago mi."

Ayọ̀dàmọ́lá ti ń sunkún. "Ọmọ ìyá mi ló ṣe mí báyìí."

"Èmi ni. Máa wí i lọ. Ó sàn kó o máa bú mi lórí ìdúró ju kó o máa dúpẹ́ lórí ẹní lọ."

Ayọ̀dàmọ́lá tú aago kúrò lọ́wọ́, ó gbé e sórí òkúta, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì sórí ara tútù, ó sì gun òkè lọ sójú títì. Ẹ̀rínọlá ń wo ejìká rẹ̀, ó ń wo orúnkún rẹ̀, bóyá ibú àárọ̀ yóò mú kí ọ̀kan fà. Kò sí èyí tó fà. Ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ láti Òkukù dúró. Ó fò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọrí sí Ìkìrun. Kò wẹ̀yìn.