Ọ̀pá Páànù fún Ohùn Ọ̀ṣuntóyìn

Bí Ọ̀ṣuntóyìn bá pe ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìrókò, ẹni tí ń bẹ lóko yóò ti jẹ́ "hòo" kí ó tó ronú ibi tí ìpè náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni Olódùmarè ṣe fi ohùn ta ìyá náà lọ́rẹ.

Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni. Títíladé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti bá ọkọ lọ sí Èkó, ìròyìn sì dé pé ó ti bí ọkùnrin. Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá lè rìnrìn àjò. "Ta ni yóò wá ki ọmọ náà ní oríkì ilé wa?" ni ó ń bi gbogbo ẹni tí ó bá yà kí i.

Ọ̀rọ̀ náà ká Ògúnsanwó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lára. Páànù ni ó ń rọ, a máa fi ṣe fìtílà àti àrọ tí wọ́n fi ń da epo. Ó lọ bá Tíṣà Akínwándé nílé ìwé ìjọ, nítorí Tíṣà ní ẹ̀rọ kan tí ń gba ohùn. Ènìyàn yóò sọ̀rọ̀ sínú àrọ ńlá kan, abẹ́rẹ́ yóò máa fín ohùn náà sára ìda. Bí wọ́n bá tún yí i, ohùn yóò jáde. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ní irú rẹ̀ ní Èkó, Tíṣà sì fẹ́ lọ kí i; yóò lè gbé ìda náà dání fún Títíladé.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń lọ dáadáa. Nígbà tí ó kan orúkọ bàbá ńlá wọn, orí rẹ̀ wú, ó figbe ta. Abẹ́rẹ́ fò sókè, ó ha ìda yánnayànna.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ni Tíṣà bẹ̀ ẹ́.

"Kí n rọra kẹ̀? Ṣé olè ni bàbá mi, tí n óò fi máa sọ orúkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

Wọ́n ní kí ó jókòó jìnnà. Ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kò wọlé rárá. Ògúnsanwó ki aṣọ bọ ẹnu àrọ. Igbe rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyókù dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà nínú ìkòkò.

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ tí yóò mọ ìgbà tí Ìyá fẹ́ ké ni a nílò!"

Àwàdà ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá Ògúnsanwó dé ìsọ̀. Bí ó ti ń fẹ́ná, ojú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn jẹ́jẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ìjì dé, ìjì fúnra rẹ̀ ni ó tì í pa. Ògúnsanwó ju ẹwìrì sílẹ̀. Kí ohùn náà máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ńkọ́?

Ó gé garawa, ó ká a di ọ̀pá gígùn, ó fi òjé jó ojú rẹ̀ pọ̀. Ó fi awọ kọ́ sínú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì fi pẹlẹbẹ ọparun dá a dúró, tí yóò máa fà á padà. Ohùn jẹ́jẹ́ yóò kọjá. Igbe yóò ti awọ, ọ̀nà yóò sì fún.

Awọ àkọ́kọ́ le jù, kò mira. Èyí tí ó tẹ̀lé e rọ̀ jù. Ó ń gbọ̀n, ó sọ ohùn Tíṣà di ti ewúrẹ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Awọ inú ọmọ ewúrẹ́ tí ó fi epo pa ni ó bá a mu.

Wọ́n fi ọ̀pá náà sẹ́nu àrọ. Ìyá wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ṣé mo lè ké báyìí?"

"Ẹ ké, Ìyá mi. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

Ìyá ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi fọ́n ká. Ògúnsanwó di ojú rẹ̀. Nígbà tí ó là á, abẹ́rẹ́ ṣì ń fín ìda lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n yí i padà: ti jẹ́jẹ́ jáde, ti igbe náà jáde, kò sí èyí tí ó jẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Ìyá tẹ́tí títí ó fi parí, ó sì fi ọwọ́ lu itan. "Páà! Mo fo ìyá bàbá mi! Ẹ gbé ìda mìíràn wá kí ó tó bínú."

Nígbà tí Tíṣà padà dé láti Èkó, kò tí ì sọ ẹrù kalẹ̀ tí ìyá fi bi í pé, "Títíladé ńkọ́?"

"Ìyá, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó ń kí yín. Ìgbà tí ó dìde, ó ti sunkún, ó ti rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Ìgbà tí ẹ ké ni ó jí, ó sì ké padà, gbogbo àdúgbò gbọ́."

Ìyá pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí Ògúnsanwó. "Lọ rọ ọ̀pá tirẹ̀ sílẹ̀ dè é."